Kámẹ́rà Orí Kọ́bọ́ọ̀dù

Bí ẹ bá béèrè lọ́wọ́ Ìyá Sítọ̀ pé iṣẹ́ wo ló fi ọdún mọ́kànlélọ́gbọ̀n ṣe nílé ìwòsàn, kò ní sọ fún yín pé òun ń tọ́jú òògùn àti báńdéèjì. Yóò ní ọwọ́ ọmọ aráyé lòun ń ṣọ́. Ojú ni alákàn fi ń ṣọ́rí, ojú náà ni Ìyá Sítọ̀ fi ṣọ́ yàrá ńlá kan tí páálí kún láti ilẹ̀ dé àjà, tí abẹ́rẹ́ kan ṣoṣo ò fi sọnù níbẹ̀ láyé tirẹ̀. Dókítà àgbà pàápàá kò gbọdọ̀ mú nǹkan níbẹ̀ láìfọwọ́ síwèé. Nọ́ọ̀sì tó bá wá gba báńdéèjì mẹ́wàá, ojú rẹ̀ ni yóò ti kà á, yóò tún un kà, yóò sì tún sin nọ́ọ̀sì náà dé ẹnu ọ̀nà pẹ̀lú ojú.

Ọgbọ́n kan wà tó fi ń borí àwọn olè. Òun fúnra rẹ̀ ló dá a sílẹ̀, ó sì ń fi yangàn dòní olónìí. Kọ́kọ́rọ́ sítọ̀ kò gbọdọ̀ sùn síbì kan náà lẹ́ẹ̀mejì. Lónìí ó wà nínú páálí òwú, lọ́la ó wà lábẹ́ òṣùwọ̀n, lọ́túnla ó wà nínú bàtà rẹ̀. "Kọ́kọ́rọ́ tó bá nílé," ló máa ń sọ fún àwọn tó ń kọ́ níṣẹ́, "àlejò á mọ ilé ẹ̀." Ohun tó jẹ́ kí ọgbọ́n náà ṣiṣẹ́ fún un ni pé orí rẹ̀ pé. Nǹkan tó bá fi pa mọ́ lọ́jọ́ Ajé, bí ẹ jí i lójú oorun lọ́jọ́ Ẹtì, á sọ ibi tó wà fún yín kó tó lajú.

Nígbà tó fẹ̀yìn tì, wọ́n fún un ní aago ògiri kan àti ọ̀rọ̀ dídùn. Ọkọ rẹ̀ ti ṣaláìsí ṣáájú ìgbà náà. Aago ọwọ́ fàdákà kan ni ọkùnrin náà fi sílẹ̀ fún un, aago tí kò ṣiṣẹ́ mọ́ àmọ́ tí ìyàwó rẹ̀ ń nù lójoojúmọ́ bí ẹni tó fẹ́ wọ̀ ọ́ ròde. Ọmọ rẹ̀ ọkùnrin, tó ń wa tírélà, tí gbogbo àdúgbò ń pè ní Dẹ̀rẹ́bà, ló wá kó o lọ sílé ara rẹ̀. Ilé oníyàrá mẹ́ta ni. Ìyàwó Dẹ̀rẹ́bà ń ránṣọ ní pálọ̀, ẹ̀rọ rẹ̀ kọjú sí fèrèsé. Ọmọ wọn obìnrin, ọmọ ọdún méje, a máa ṣeré lábẹ́ tábìlì láàárín àwọn àjákù aṣọ. Ìyá Sítọ̀ ló sọ ọmọ náà ní Olófòófó, nítorí pé ọ̀rọ̀ kì í sùn sí i níkùn.

Dẹ̀rẹ́bà ló ra kámẹ́rà. Ọ̀sẹ̀ méjì-méjì ló fi ń wà lójú títì, ó wá wọlé lọ́jọ́ kan, ó rí i pé eyín iwájú ọmọ òun méjì ti yọ, òun ò sì sí ńlé. Ó dùn ún wọnú egungun. Ó ní òun ò ní jẹ́ kí ọmọ òun dàgbà sẹ́yìn òun mọ́. Nígbà tó tún fi dé, kámẹ́rà fídíò ló yọ látinú báàgì, ohun tí kò ju ìṣù búrẹ́dì kékeré lọ. Ó ní okùn tí wọ́n ń ki ọwọ́ bọ̀, ó sì ní ilẹ̀kùn pẹlẹbẹ kan lẹ́gbẹ̀ẹ́ tí èèyàn á ṣí, tá á máa wo ohun tó ń yà. Iná pupa tíńtín a máa tàn níwájú rẹ̀ bó bá ń ṣiṣẹ́. Inú káàdì kan tí kò ju èékánná lọ ni gbogbo ohun tó bá rí ń wọ̀, wáyà olójú mẹ́ta ló sì ń gbé e lọ sínú tẹlifíṣọ̀n.

"Nǹkan tó lójú tí ò ní ìpéǹpéjú," ni Ìyá Sítọ̀ wí lọ́jọ́ náà, "ẹ̀yin ò bẹ̀rù ẹ̀?"

Kò sẹ́ni tó bẹ̀rù rẹ̀. Ìyàwó ya ọmọ níbi tó ti ń fọ ẹnu, ó yà á níbi tó ti ń kàwé, ó tún yà á níbi tó ti ń sunkún torí pé wọ́n ní kó kàwé. Olófòófó náà gbà á lọ́wọ́ ìyá rẹ̀, ó ya ìrù ológbò, ó ya ẹsẹ̀ ara rẹ̀, ó sì ya àjà pálọ̀ fún ogún ìṣẹ́jú gbáko nítorí pé ó gbàgbé láti pa á. Bí Dẹ̀rẹ́bà bá dé, gbogbo rẹ̀ ló ń wò láìfo ọ̀kan, títí kan àjà.

Ọ̀sán ọjọ́ ìsinmi kan ni wọ́n jọ ń wò ó báyìí. Ìyá Sítọ̀ jáde nínú rẹ̀, ó jókòó sórí àga, ó ń sọ ti dókítà kan tó fẹ́ gbé páálí ìbọ̀wọ́ jáde lábẹ́ aṣọ. Ìtàn náà dùn, wọ́n rẹ́rìn-ín. Kò ju ìṣẹ́jú mẹ́rin lẹ́yìn náà, nínú àwòrán kan náà, Ìyá Sítọ̀ tún mí kanlẹ̀, ó ní, "Ṣé mo ti sọ ti dókítà kan fún yín?" Ó sì sọ ọ́ láti ìbẹ̀rẹ̀ dópin.

"Ẹ̀rọ yìí mà ń tún ọ̀rọ̀ èèyàn sọ," ni Ìyá Sítọ̀ wí. "Ẹ dá a padà fẹ́ni tó tà á fún yín."

Ìyàwó wo ọkọ rẹ̀, ọkọ náà wo ilẹ̀. Ìyá Sítọ̀ rí ìwò yẹn. Ojú tó ti ṣọ́ ọwọ́ fún ọdún mọ́kànlélọ́gbọ̀n, irú ìwò bẹ́ẹ̀ kò lè gba ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ kọjá kó má mọ̀ pé ó gbé nǹkan sábẹ́ aṣọ. Ohun tó gbé gan-an ni kò tíì mọ̀.

Láti ọjọ́ yẹn ló ti dojú kọ ìyàwó ọmọ rẹ̀.

Kò pẹ́ sígbà náà ni nǹkan bẹ̀rẹ̀ sí í rìn nínú ilé. Awò ojú rẹ̀ ló kọ́kọ́ rìn. Ó wá a títí, ó rẹ̀ ẹ́, ó ké sí ìyàwó. Ìyàwó fi ẹ̀rọ ìránṣọ sílẹ̀, ó wọlé, ó jáde, ó sì gbé awò náà dé. Ó tutù rinrin.

"Inú firíìjì ni mo ti rí i, Màámi. Lẹ́bàá ẹyin."

"Inú firíìjì? Ooru ló ń mú awò mi ni?"

Ìyàwó rẹ́rìn-ín. Ìyá Sítọ̀ kò rẹ́rìn-ín. Òun kì í mu omi tútù, kí ló máa gbé òun dé ìdí firíìjì? Òfin kìíní sítọ̀ sì rèé, bí ẹ kò bá gbọ́ ọ rí: nǹkan tó sọnù tí gbogbo ayé wá tì, tí ẹnì kan wá lọ tààrà tó lọ mú un jáde, ẹni náà ló gbé e síbẹ̀.

Lẹ́yìn awò, kọ́kọ́rọ́ ló kàn. Kọ́kọ́rọ́ mẹ́rin ni, ti àpótí rẹ̀ àti ti kọ́bọ́ọ̀dù rẹ̀, ó fi okùn so wọ́n pọ̀, ó ń fi wọ́n kọ́rùn lójoojúmọ́. Ẹ̀ẹ̀mejì ni wọ́n rá mọ́ ọn lọ́wọ́. Ìyàwó rí wọn lẹ́ẹ̀kìíní nínú agolo ìyẹ̀fun, lẹ́ẹ̀kejì nínú àpò ẹ̀wù òtútù tó ti wà lára ìṣó láti ọdún tó kọjá. Ó rọrùn fún un jù. Páńsá ò fura, páńsá jáná. Àjà ò fura, àjà jìn. Ìyá Sítọ̀ kì í ṣe páńsá.

Ó tún kíyè sí ìwé kékeré kan. Èèpo rẹ̀ pupa. Bí ìyàwó bá ti jáde ní yàrá Ìyá Sítọ̀ báyìí, á yọ ìwé náà lábẹ́ aṣọ tó ń rán, á kọ nǹkan sí i, á tún tì í padà.

"Ìyàwó, kí lò ń kọ?"

"Ìwọ̀n aṣọ oníbàárà ni, Màámi."

Irọ́ funfun báláú. Ìwé ìwọ̀n aṣọ gùn, àwọ̀ aró ni èèpo rẹ̀, ara ẹ̀rọ ìránṣọ ló so rọ̀ sí. Ìyá Sítọ̀ ti kà á rí, bí kò tiẹ̀ sẹ́ni tó ní kó kà á.

Lọ́jọ́ kan ẹ̀wẹ̀, ìyàwó wà ní kíṣìnnì pẹ̀lú fóònù létí, ó ń sọ̀rọ̀ wúyẹ́wúyẹ́. Ìyá Sítọ̀ wà lẹ́yìn ilẹ̀kùn. Ẹ má bi mí pé kí ni àgbàlagbà ń wá lẹ́yìn ilẹ̀kùn; òun pè é ní àbẹ̀wò. Ohun tó gbọ́ ni pé, "Rárá, n ò tíì sọ fún wọn. Ẹ̀rù ń bà mí. Ẹ jẹ́ kẹ́ ẹ dé ná." Kí ni wọn kò tíì sọ fún òun? Ṣé wọ́n fẹ́ lé òun ni, àbí wọ́n fẹ́ kó àpótí òun lọ?

Aago fàdákà ló wá ba gbogbo nǹkan jẹ́. Ó jí lọ́jọ́ kan, ó na ọwọ́ sí i láti nù ún, kò sí níbẹ̀. Ó tú bẹ́ẹ̀dì, ó tú àpótí, ó jókòó sílẹ̀ láàárín ẹrù, ó sunkún bí ẹni tí ọkọ rẹ̀ ṣẹ̀ṣẹ̀ kú. Lẹ́yìn náà ló nu ojú, ó jáde sí pálọ̀.

"Olè wà nínú ilé yìí. Aago ọkọ mi ti lọ."

Ìyàwó dá ẹ̀rọ dúró. "Màámi, kí ni màá fi aago tí ò ṣiṣẹ́ ṣe?"

"Ṣé mo pe orúkọ ẹ ni?"

"Àwa méjì la wà ńlé, Màámi. Àbí ológbò lẹ̀ ń bá wí?" Ó fi ìdérí ẹ̀rọ bò ó gbàmù, ó sì wọ yàrá lọ. Ìyá Sítọ̀ gbọ́ ẹkún rẹ̀ láti ibi tó dúró sí. Kò ṣe é láàánú. Ó ti rí ẹkún olè rí, nígbà tí ẹni tó ń sun ún jẹ́ nọ́ọ̀sì tó kó òwú sínú fìlà.

Ọ̀dọ̀ àbúrò rẹ̀ ọkùnrin ló gbé ẹjọ́ lọ. Akọ̀wé ni wọ́n ń pè é, nítorí pé ogójì ọdún ló fi kọ ọ̀rọ̀ ẹlẹ́jọ́ sílẹ̀ ní kóòtù, kò sì tíì yé gbé bírò sí àpò àyà. Òun ni àgbà ọkùnrin tó kù nínú ẹbí, ohun tó bá sọ ni Dẹ̀rẹ́bà á tẹ̀ lé. Ó gbọ́ ẹjọ́ náà tán, ó họ orí.

"Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ̀rí dà?"

"Èmi ni ẹ̀rí."

"Ẹ̀yin ni olùfisùn. Agbẹ́jọ́ ẹnìkan dá, àgbà òṣìkà ni. Ọmọ ọlọ́mọ nìyẹn. Bí mo bá ní kí Dẹ̀rẹ́bà dá a padà sílé bàbá ẹ̀, ilé tó fọ́ nìyẹn, ọmọ tí ò ní ìyá lọ́dọ̀ nìyẹn. N ò lè torí ọ̀rọ̀ ẹnu ṣe é."

"Bí mo bá rí ẹ̀rí ńkọ́?"

"Bẹ́ ẹ bá rí ẹ̀rí, màá sọ̀rọ̀."

"Bí n ò bá rí i, èmi ni màá kẹ́rù mi jáde. Inú ilé yẹn ò lè gba àwa méjèèjì mọ́."

Ẹ̀rí dà, ẹ̀rí dà. Ọ̀rọ̀ náà ń yí lórí rẹ̀ bó ṣe ń darí sílé. Bó ṣe wọ pálọ̀ ló rí Olófòófó lórí ilẹ̀, ó ń ya ológbò. Iná pupa tíńtín náà ń wò ó.

Ọwọ́ ọmọdé ò tó pẹpẹ, tàgbàlagbà ò wọ kèrègbè. Ó fa ọmọ náà sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, ó ní òun fẹ́ ya ara òun níbi tí òun ti ń ṣàdúrà fún bàbá rẹ̀, kó má sọ fún ẹnikẹ́ni. Olófòófó fi ibi tí wọ́n ń tẹ̀ hàn án, ó fi ibi tí wọ́n ti ń tún un wò hàn án, ó sì kì í nílọ̀ pé bátìrì rẹ̀ kì í ju wákàtí kan lọ àfi bí wáyà bá wà lára rẹ̀. "Ẹ má dẹ̀ fọwọ́ kan ibi tí wọ́n ya garawa ìdọ̀tí sí o, Màmá àgbà. Ìyẹn ló ń pa á rẹ́."

Ní òwúrọ̀ Ọjọ́bọ̀, Ìyá Sítọ̀ gun àpótí, ó gbé kámẹ́rà sórí kọ́bọ́ọ̀dù láàárín àwọn aṣọ tó ká, ó jẹ́ kí ojú rẹ̀ nìkan yọ. Ó lẹ pílásítà dúdú mọ́ iná pupa náà. Irú pílásítà kan náà wà ní àtàǹpàkò òsì rẹ̀, níbi tí ọ̀bẹ búrẹ́dì ti bù ú lánàá. Ó fi wáyà sí iná, ó tẹ ibi tí wọ́n ń tẹ̀, ó sì sọ̀kalẹ̀. Lẹ́yìn náà ló wé gèlè, ó gbé báàgì, ó sì pariwo ní pálọ̀ kí ayé lè gbọ́.

"Ìyàwó, mo ń lọ sọ́dọ̀ Akọ̀wé o! N ò ní tètè dé o!"

"Ẹ máa rọra, Màámi."

Rọra ni, àbí? Ọjọ́ gbogbo ni tolè, ọjọ́ kan ni tolóhun. Bó ṣe ń lọ lójú ọ̀nà ló ń rẹ́rìn-ín sínú. Akọ̀wé ní ó pẹ́ kó tó dé, ó ní òun ti ń retí rẹ̀ láti aago mẹ́sàn-án àbọ̀ tó dá fún òun. Ìyá Sítọ̀ dá a lóhùn pé ọ̀nà ló jìn. Ó ní kí Akọ̀wé wá ní Àbámẹ́ta ní aago mẹ́rin ọ̀sán, pé Dẹ̀rẹ́bà á ti dé, kó sì mú ojú rẹ̀ dání, etí nìkan kò ní tó.

Nígbà tó padà sílé, ohun tó kọ́kọ́ rí lórí tábìlì yàrá rẹ̀ ni aago fàdákà. Ó dà bíi pé wọ́n ti nù ún. Ìyá Sítọ̀ pàtẹ́wọ́. Áà, ẹ̀rù ti bà á! Ó ti gbọ́ pé mo lọ sọ́dọ̀ Akọ̀wé, ó ti sáré dá a padà! Kò dúpẹ́, kò béèrè. Ó gbé kámẹ́rà sọ̀kalẹ̀, ó fi aṣọ dì í, ó tì í mọ́nú àpótí.

Ní òwúrọ̀ ọjọ́ Àbámẹ́ta, Dẹ̀rẹ́bà ti wọlé, ó ń sùn. Ìyá Sítọ̀ ti ilẹ̀kùn yàrá rẹ̀ pa. Kò sẹ́ni tó rán an ní wíwò náà, ó lè dúró di aago mẹ́rin kí gbogbo wọn jọ wò ó. Ṣùgbọ́n wọ́n kì í buwọ́ lùwé gba páálí tí wọn ò tíì tú. Ó jókòó sétí bẹ́ẹ̀dì, ó ṣí ilẹ̀kùn kékeré náà, ó tẹ̀ ẹ́.

Ó rí bẹ́ẹ̀dì ara rẹ̀, ó rí tábìlì, ó rí kọ́tìnnì tó ń fẹ́. Ó gbọ́ ohùn ara rẹ̀ ní pálọ̀, "Mo ń lọ sọ́dọ̀ Akọ̀wé o!" Ilẹ̀kùn ìta dún. Ẹ̀rọ ìránṣọ ń ró lọ. Kò sẹ́ni tó wọlé. Ó fa sùúrù bí ẹni tó ń fa okùn kànga.

Ìgbà tó ṣe, ilẹ̀kùn yàrá ṣí. Ìyá Sítọ̀ tẹjú mọ́ ọn. Ìyá arúgbó kan ló wọlé, ó wé gèlè òde, báàgì wà ní apá rẹ̀.

Ta nìyí?

Arúgbó náà kúnlẹ̀, ó fa bàtà ọkùnrin kan jáde lábẹ́ bẹ́ẹ̀dì, ó ki ọwọ́ bọ̀ ọ́, ó yọ aago fàdákà. Ó fi etí aṣọ nù ún, ó sì bá a sọ̀rọ̀ jẹ́jẹ́. Lẹ́yìn náà ló gbé orí sókè, ó wo ilẹ̀kùn bí ẹni tó ń gbọ́ ẹsẹ̀ olè. Ó dìde, ó kọ́kọ́ ti aago náà sábẹ́ ìrọ̀rí, kò tẹ́ ẹ lọ́rùn. Ó tì í sáàárín aṣọ, kò tẹ́ ẹ lọ́rùn. Fúláàsì tíì tí kò lómi nínú wà lórí fèrèsé. Ó ṣí i, ó jù ú sí i, ó dé e. Ó gbọn ọwọ́ pẹ̀lú ìtẹ́lọ́rùn, ó sì sọ ọ́ jáde ketekete fún yàrá tí kò sẹ́nì kankan níbẹ̀ pé, "Kọ́kọ́rọ́ tó bá nílé, àlejò á mọ ilé ẹ̀."

Ó gbé báàgì, ó jáde.

Ohun tó kọ́kọ́ wá sí Ìyá Sítọ̀ lọ́kàn ni pé wọ́n ti ba kámẹ́rà òun jẹ́. Ẹ má rẹ́rìn-ín. Ó rò ó tọkàntọkàn pé ìyàwó ti wá ìyá kan wá, ó fún un ní gèlè òun wé. Ó tún un wò. Pílásítà dúdú wà ní àtàǹpàkò òsì arúgbó náà. Ó wo àtàǹpàkò ara rẹ̀. Ó tún un wò lẹ́ẹ̀kẹta, ó sì ń wá ìgbà tí òun darí padà láti ojú ọ̀nà, ó ń wá a nínú orí rẹ̀ káàkiri bí ó ṣe ń wá awò, kò rí i. Ibẹ̀ ṣófo. Ẹ̀rù bà á.

Kámẹ́rà ò mọ̀ pé ẹ̀rù ń bà á, ó ń bá tirẹ̀ lọ. Ìyàwó wọlé báyìí, ìwé eléèpo pupa wà lọ́wọ́ rẹ̀. Ó ṣí i, ó ń fi ìka tọ ohun tó kọ. Ó kúnlẹ̀, ó yẹ bàtà wò. Ó yẹ àpò ẹ̀wù òtútù wò. Ó gbọn ìrọ̀rí. Ó pẹ́ kó tó mi fúláàsì, fúláàsì sì dún. Ó yọ aago, ó jókòó sétí bẹ́ẹ̀dì, ní ibi tí Ìyá Sítọ̀ jókòó sí gan-an báyìí, ó fi ẹ̀yìn ọwọ́ nu ojú. Ó nu aago, ó gbé e sórí tábìlì, ó kọ nǹkan sínú ìwé. Bó ṣe fẹ́ dìde ló gbé ojú sókè, ó rí kámẹ́rà. Ó wò ó pẹ́. Ìyá Sítọ̀ rí i bí ọ̀rọ̀ náà ṣe yé e, ìdí tó fi wà níbẹ̀ àti ẹni tó gbé e síbẹ̀. Kò fọwọ́ kàn án. Ó fa ilẹ̀kùn dé, ó lọ.

Garawa ìdọ̀tí wà níbẹ̀, ó kéré, ó funfun. Ìyá Sítọ̀ tẹ̀ ẹ́. Ẹ̀rọ náà bi í bóyá ó dá a lójú. Bẹ́ẹ̀ ni wà lápá ọ̀tún, bẹ́ẹ̀ kọ́ wà lápá òsì. Ìka kan ṣoṣo ni, gbogbo rẹ̀ á parẹ́, yóò sì sọ fún Akọ̀wé pé òun ò rí ẹ̀rí. Ṣùgbọ́n ní sítọ̀, ẹni tí nǹkan sọnù lọ́wọ́ rẹ̀ lè rí ìdáríjì. Ẹni tó bá fa ìwé ya ni kì í rí i. Òun fúnra rẹ̀ ló lé ọkùnrin kan kúrò níṣẹ́ nítorí ojú ewé kan. Ó tẹ apá òsì.

Ní aago mẹ́rin, Akọ̀wé ti jókòó, bírò wà lọ́wọ́ rẹ̀. Dẹ̀rẹ́bà jókòó sétí àga, ó ń fọwọ́ ra orúnkún. Ìyàwó dúró ti ẹ̀rọ ìránṣọ, kò jókòó. Ìyá Sítọ̀ gbé kámẹ́rà jáde.

"Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ̀rí tẹ́ ẹ wí," ni Akọ̀wé bẹ̀rẹ̀.

"Ẹ jọ̀ọ́, sà," ni ìyàwó já lu ọ̀rọ̀ rẹ̀. Ilẹ̀ ló ń wò. "Kámẹ́rà yẹn ò ṣiṣẹ́ mọ́. Ó já bọ́ lọ́wọ́ mi. Ó ti fọ́."

Akọ̀wé wo ẹ̀gbọ́n rẹ̀ bí ẹni tí ẹjọ́ ti dá lójú rẹ̀. Ìyá Sítọ̀ mi orí.

"Kò fọ́. O ò mọ irọ́ pa, ìyàwó. N ò mọ ohun tó ṣe mí tí mo fi gbà látọjọ́ yìí pé o mọ̀ ọ́n pa."

Ó fúnra rẹ̀ ki wáyà bọ tẹlifíṣọ̀n. Olófòófó jáde lábẹ́ tábìlì, ó ràn án lọ́wọ́. "Pupa sí pupa, Màmá àgbà. Funfun sí funfun." Lẹ́yìn náà ni wọ́n wò ó. Tẹlifíṣọ̀n tóbi ju ilẹ̀kùn kékeré náà lọ, gbogbo nǹkan hàn. Nígbà tí arúgbó kúnlẹ̀ tí ó fa bàtà jáde, bírò Akọ̀wé dúró lórí ìwé. Nígbà tó bá aago sọ̀rọ̀, Dẹ̀rẹ́bà fi ọwọ́ méjèèjì bo ojú.

"Màmá àgbà, ẹ̀yin mà nìyẹn!" ni Olófòófó wí.

"Èmi ni."

Wọ́n wò ó dé ibi tí ìyàwó ti fa ilẹ̀kùn dé.

"Láti ìgbà wo?" ni Ìyá Sítọ̀ béèrè.

"Ó ti lé lóṣù mẹ́ta, Màámi," ni ìyàwó dáhùn. "Mo fẹ́ sọ fún yín. Ẹ kàn ń wò mí bí ẹni tó fẹ́ gbé nǹkan."

"Mo rò pé o ń gbé nǹkan ni. Má bínú, ọmọ mi. Mo fẹ́ kí wọ́n dá ẹ padà sílé yín. Mo ti pe ẹni tó máa dá ẹ padà wá."

Ìyàwó kò sọ pé kò sí nǹkan kan. Omijé ń bọ́ lójú rẹ̀, kò nù ún.

Ìyá Sítọ̀ nà tán lórí ìjókòó rẹ̀, ó sì sọ̀rọ̀ bí ẹni tó wà lẹ́nu iṣẹ́. "Akọ̀wé, kọ ọ́ sílẹ̀. Bí olùtọ́jú sítọ̀ kò bá lè tọ́jú mọ́, kì í ti ilẹ̀kùn kó bá ẹsẹ̀ ẹ̀ sọ̀rọ̀. Ẹni tó ń fisílẹ̀ á dúró, ẹni tó ń gbà á á dúró, kọ́kọ́rọ́ á bọ́ láti ọwọ́ dé ọwọ́ lójú ẹlẹ́rìí. Ìyàwó mi, súnmọ́bí. Gba kọ́kọ́rọ́ mi."

Ìyàwó súnmọ́ ọn, ó kúnlẹ̀, ó tẹ́ ọwọ́ méjèèjì. Ìyá Sítọ̀ na ọwọ́ sí ọrùn ara rẹ̀ láti bọ́ okùn.

Okùn kò sí níbẹ̀.

Ó fọwọ́ tọ ọrùn yípo. Ó tọ àyà. Ó wo orí itan rẹ̀, ó wo ilẹ̀. Òwúrọ̀ yìí ló fi wọ́n ṣí àpótí. Gbogbo wọn ń wò ó, tẹlifíṣọ̀n náà ń fi yàrá òfìfo hàn, kọ́tìnnì ń fẹ́. Fún ìgbà àkọ́kọ́ láti oṣù mẹ́ta, kò wo ojú ẹnikẹ́ni láti mọ ẹni tó gbé e.

"Ìyàwó mi," ló wí, ohùn rẹ̀ sì rẹlẹ̀, "jọ̀ọ́, níbo ni mo fi wọ́n sí?"

Ìyàwó na ọwọ́ sábẹ́ aṣọ tó wà lórí ẹ̀rọ, ó yọ ìwé eléèpo pupa náà, ó ṣí i sí ojú ewé àkọ́kọ́.

"Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ wo agolo ìyẹ̀fun, Màámi," ló wí, ó sì di ọwọ́ rẹ̀ mú kó lè dìde.